Ẹni Tí Kò Lọ Sógun

Ọkùnrin kan jókòó ti dùùrù láàárín títì, eruku ilé tí bọ́ǹbù wó ti bò ó lórí bí ìyẹ̀fun, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni pé ogun kankan ò jà. Obìnrin aránṣọ kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí òwú aṣọ ológun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, dúró wò ó.

“Ṣé ilé yín ló wó ni?”

“Rárá o, ti oníbàárà mi ni. Wọ́n yè, wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá dùùrù wọn náà yè.” Ó tẹ ibì kan, ó dún gbàwọ̀. “Ó yè, àmọ́ ó ti pariwo jù. Ohùn rẹ̀ ti há.”

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ojú ogun, kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tún dùùrù ṣe náà a máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, wọ́n á jọ rìn lọ sílé. Ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà ti rọ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí àwọn ológun fi dá a padà nígbà tó fẹ́ lọ sógun.

“Rọra rìn, olólùfẹ́. Ẹsẹ̀ kan ló ń gbọ́ tèmi.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ni mò ń fẹ́?”

Bàbá obìnrin yìí ni ìṣòro. Aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ni tẹ́lẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ ló sì ń fọn fèrè fún un. Ọjọ́ tí ọmọ kú ni orin kú nínú ilé. Nígbà tí aránṣọ mú olólùfẹ́ rẹ̀ wá sílé, bàbá wò ó tòkè tilẹ̀.

“Ọmọ tèmi lọ sógun, kò bọ̀. Ìwọ jókòó sílé, ò ń tẹ dùùrù, o tún fẹ́ gba èyí tó kù lọ́wọ́ mi. Jáde!”

Níta, omijé lé ròrò sójú ọkùnrin náà, àmọ́ aránṣọ dì í lọ́wọ́ mú. “Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Èmi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní fi bàbá mi sílẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fèrè ìkìlọ̀ ké. Bọ́ǹbù rọ̀ bí òjò. Nígbà tó dáwọ́ dúró, aránṣọ sáré délé, ó bá àwọn aládùúgbò níta.

“Bàbá ẹ kọ̀, kò sá,” ni wọ́n wí. “Amúkùn-ún ẹ yẹn wá wá yín, ó rí i pé bàbá ẹ kò sí láàárín wa, ló bá tiro wọlé lọ bá a.”

Aránṣọ kò dúró gbọ́ tán. Ó wọlé. Òrùlé ti lọ, àmọ́ lábẹ́ tábìlì, ọkùnrin méjì jókòó, wọ́n funfun báláú. Bàbá ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kú, ó ń pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Mo ní kó máa lọ, ó ní àfi tá a bá jọ lọ,” ni bàbá wí. “Olórí kunkun!”

“Mo jọ yín ni, Bàbá.”

Aránṣọ kúnlẹ̀ sínú eruku. “Bàbá, òun ni mo fẹ́ fẹ́.”

“Èmi lo fẹ́ fẹ́ ni? Bi í!”

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. “Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.”

Lówùúrọ̀ ìgbéyàwó, nínú ilé ìjọsìn tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì mọ́, bàbá mú ìyàwó lọ́wọ́ dé iwájú, ó dúró, ó sì na ọwọ́ kejì.

“Ọmọ mi,” ó ní, “sún mọ́ mi.”

Ọkọ ìyàwó ló ń pè.