Sípíríǹgì Tí Mú-un-Wálẹ̀ Gé

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, àfi Ọlọ́run àti òun fúnra rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni. Ó mọ bí a ti ń mú ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mú-un-Wálẹ̀. Ẹni tó bá rí jájẹ á ra sípíríǹgì kúkúrú, irin lílọ́ tó ń gbé ọkọ̀ ró lórí táyà. Ẹni tí kò ní, Mú-un-Wálẹ̀ á fi ẹ̀rọ gé èyí tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó máa ń fi ọkọ̀ tó ga ṣe yẹ̀yẹ́ pé àkàbà ni ènìyàn yóò fi gùn ún.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ra ọkọ̀ kékeré kan tó kúrú lẹ́yìn, tó sì ń sáré bí ẹtu. Apá rẹ̀ kò ká sípíríǹgì tuntun, ló bá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mú-un-Wálẹ̀ gé ti iwájú. Nígbà tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó rí i pé òun ti gé e jù. Sípíríǹgì náà ń mì nínú ààyè rẹ̀. Ó yẹ kó yọ ọ́ dànù. Wáyà ló fi dè é mọ́lẹ̀ kó má baà pariwo, ó sì ní iṣẹ́ ti parí.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi fò lórí gegele kan láàárín títì. Wáyà já, sípíríǹgì yọ, ọkọ̀ sì yà lọ kọ lu ògiri. Egungun itan àbúrò rẹ̀ dá.

Gbogbo ẹbí ní eré àsápajúdé ló fà á. Ọmọkùnrin náà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti ń bẹ ìyá wọn pé kó dárí ji òun. Mú-un-Wálẹ̀ dúró tòun ti ọsàn tó rà wá. Ìyá wọn tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rere ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Èyí kò rí i gbàgbé. Ó mu ọtí títí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ̀bi ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kun ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, onígbàgbọ́ tòótọ́, bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ó bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè bóyá Ọlọ́run lè dárí irú èyí ji ènìyàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Bí irin bá ti dógùn-ún, tí mo kun ọ̀dà lé e, á dán, àmọ́ ó ń jẹra lábẹ́. Ọ̀dà lò ń kùn látọjọ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù kì í bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣe ló ń wẹ̀ ẹ́ nù. Jẹ́wọ́ fún un, kí o sì lọ bá àbúrò rẹ.”

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn táyà. “Olúwa, èmi ni mo dá a lẹ́sẹ̀. Ṣàánú mi.” Àlàáfíà wọ inú rẹ̀, ó dìde, ó sì gba ọsibítù lọ.

Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó tún yíjú padà sí i.

“Ẹ ṣẹ̀ mí, Bọ̀dá mi. Ẹ jókòó.”

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ kiri lónìí? Ìyàwó rẹ ni àbí ọmọ rẹ, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́? Jésù ti ru ú lọ sórí igi àgbélébùú. Má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn tún máa jìyà rẹ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, sọ òtítọ́ fún Jésù. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.