Àmì Ìsàlẹ̀ Tó Dìde Dúró

Orí ọ̀gá onítẹ̀wé wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ó ti di pẹlẹbẹ débi pé bí èèyàn bá ká a, á wọ inú àpò ìwé. Ìkéde kan wà láyà òkú náà, tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ: "Ó dìgbóṣe, ọ̀dájú."

Irú lẹ́tà onírin tí wọ́n ń pè ní Olóbàtà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló fì sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń ja ìjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nípọn bíi bàtà sójà. Bí wọ́n bá fi kéde gbàǹjo, adití tó wà lẹ́yìn odi ìlú á sáré bọ̀.

Ojú-Abẹ́rẹ́, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó lè ka eyín ẹnu kòkòrò, bá ìyàwó olóògbé nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún aṣọ rẹ̀. Obìnrin náà ní ṣe lòun fẹ́ fa ọkọ òun yọ, wọn ò gbọ́. Mọ́tò ọlọ́pàá ń bọ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ojú okùn ló ń lọ.

Ẹni mẹ́ta péré ló mọ Olóbàtà í tò: ìyàwó, àbúrò olóògbé, àti Baba Atolẹ́tà, tó ti ń ṣa lẹ́tà fún ogún ọdún. Baba náà ṣàlàyé pé àwọn tó rọ Olóbàtà ò mọ lẹ́tà "ẹ", wọn ò mọ "ọ". Àmì ìdánudúró onígun mẹ́rin làwọn ń tì sábẹ́ "e" àti "o". Èyí tó wà nínú àpótí Olóbàtà fì. Èyí tó wà nínú àpótí lẹ́tà kejì dúró ṣánṣán.

Ojú-Abẹ́rẹ́ wo àwọn ìwé Olóbàtà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó bi àbúrò léèrè ẹni tó to ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi Olóbàtà to "ọkọ" fún òun.

Ti àbúrò ò ní àmì kankan.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kú, o sọ ọ́ di oko," ni ìyàwó wí.

Àmì tirẹ̀ dúró ṣánṣán. Ti Baba Atolẹ́tà náà dúró.

"Baba, ogún ọdún ni àmì yín fi ń fì lára ògiri yìí. Tìyàwó dúró níbi gbogbo. Èyí tó wà láyà òkú fì. Kí ló gbé tiyín dìde lónìí?" ni Ojú-Abẹ́rẹ́ bi í.

Baba náà wo ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fi ayùn rẹ́ àwọn àmì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fì. Ọ̀gá ní òun máa yọ́ Olóbàtà, kó di òjé àwọ̀n apẹja. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Báwo lẹ ṣe pa á?"

"Irin tá a fi ń há lẹ́tà ni mo là mọ́ ọn látẹ̀yìn. Ó ṣì ń mí nígbà tí mo to ìkéde rẹ̀. Mo kà á sí i létí, kó bá mi wo àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wá ki orí rẹ̀ bọ ẹ̀rọ."

Wọ́n tú ìyàwó sílẹ̀. Ó ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Baba Atolẹ́tà, ẹni tẹ́ ẹ pa ò fẹ́ yọ́ ọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó fi Olóbàtà ta yín lọ́rẹ. Ẹ̀rín yẹn, ìtìjú ni. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ fún un lọ́rùn títí tó fi gbà pé òun máa yọ́ ọ."

Baba Atolẹ́tà na ọwọ́ méjèèjì sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó.