Ọgọ́ta àti Mẹ́tàdínlógún

Gbòlà!

Ilẹ̀kùn já kúrò lára ògiri, ó sì ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ọkùnrin méjì wọlé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Agogo kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé inú Cité, àdúgbò olódi kan ní Lomé, wà ní mọ́sálásí, àwọn tí kì í kírun sì wà níbi iṣẹ́. Ìdí tí àwọn ọlọ́ṣà yìí fi mú àsìkò náà nìyẹn.

Àpèkẹ́ jókòó sídìí tábìlì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Kò dìde.

"Wúrà dà?" ni èyí tó sanra nínú wọn bi í.

Àjàgbé ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ọ̀gá. Ọmọ Nàìjíríà ni. Ó ti dá ọkọ̀ lọ́nà láti Ṣèmé títí dé Hilakondji. Lomé nìkan ni kò tíì ṣe rí.

"Wúrà wo?"

"Màmá, ẹ má fi mí ṣeré. Wúrà Àlàájì Bàlògún."

"Ẹ ti ṣìlé. Soixante-dix-sept ni Àlàájì ń gbé." Faransé ló fi pe nọ́ńbà náà.

"Ibẹ̀ náà la wà. Soixante. Mo kà á lára ògiri yín."

"Soixante rèé. Mo ní soixante-dix-sept."

"Dix-sept ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilé ìyàwó kékeré nìyẹn. A ó débẹ̀."

Àpèkẹ́ wò ó bí ẹni ń wo èèyàn tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Olúmidé, ìkejì rẹ̀, ti tú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ìbọn. "Ọ̀gá, oògùn ìfúnpá àti ẹ̀wà ló kún ilé yìí."

Ẹni kẹta wọlé láti ìta. Euloge ni, dírẹ́bà wọn, ọmọ Porto-Novo. "Kí lẹ ń ṣe tó pẹ́ báyìí?"

"Ìyá yìí ní ibí kọ́."

"Ẹ jẹ́ n rí ìwé yẹn."

Àjàgbé mú bébà kan jáde. Ẹni tó ta wọ́n lólobó ló pe nọ́ńbà ilé náà fún un lórí fóònù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: *60. 17.*

Euloge gbé ọwọ́ lérí.

"Bọ̀dá, ilé kan ṣoṣo ni soixante-dix-sept. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni."

"Soixante ni ọgọ́ta. Dix-sept ni mẹ́tàdínlógún. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Ẹ ro ó pọ̀."

"Àlàájì oníyàwó méjì, kó máa gbé ilé kan? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Inú ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé," ni Àpèkẹ́ wí. "Wọ́n sì rẹ́ ju ẹ̀yin mẹ́ta lọ."

Fíííì!

Fèrè ni, láti ìta. Mùíbì ọlọ́dẹ ń gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò ká, ó rí ilẹ̀kùn tó wó. Ó fẹ́ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí Olúmidé yọjú.

Gbàù!

Mùíbì àti kẹ̀kẹ́ ṣubú pọ̀. Ọta ti wọ itan rẹ̀.

"Ẹ ní kò ní sí ìbọn yíyìn," ni Euloge wí.

"Gbé e sínú ọkọ̀," ni Àjàgbé wí.

"Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ọlọ́dẹ ni. Ó mọ ọ̀nà gẹ́ètì. Tí wọ́n bá sì ti gẹ́ètì pa, òun la ó fi ṣí i."

Wọ́n wọ́ ọ sẹ́yìn ọkọ̀. Vrùùù! Toyota náà gbéra.

Lẹ́nu gẹ́ètì, Ìbíyẹmí ti gbọ́ ìbọn.

Òun ni olórí àwọn ọlọ́dẹ. Gbossimé ní Lomé ni wọ́n bí i sí, ara Ìṣẹ́yìn sì ni àwọn òbí rẹ̀. Mùíbì ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló bá a wá iṣẹ́ yìí, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó ti sọ fún ìyá wọn pé iṣẹ́ tí kò léwu ni.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti gẹ́ètì. Òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn. Gẹ́ètì yìí nìkan ni ọ̀nà àbájáde. Odi yí gbogbo Cité ká, ó ga ju òpó ilé lọ, wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì wà lórí rẹ̀.

Ó pe jandáàmù, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀.

"A ti gbéra," ni wọ́n dá a lóhùn. "Wọ́n ti gbẹ́ títì ní Zanguéra, ó máa tó ogún ìṣẹ́jú ó lé. Ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, má ṣí gẹ́ètì."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni rédíò ìléwọ́ rẹ̀ dún. Kríìì.

"Ẹ yà sí ọ̀tún," ni ohùn kan wí nínú rẹ̀.

Mùíbì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbíyẹmí ló ń bá sọ̀rọ̀. Mùíbì ti tẹ bọ́tìnnì rédíò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò, kò sì fi í sílẹ̀. Ìbíyẹmí ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ nínú ọkọ̀ náà.

"Ṣé gẹ́ètì nìyí?" Ohùn ńlá kan nìyẹn.

"Ó kù díẹ̀, bọ̀dá. Ẹ yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìbíyẹmí mọ̀ pé téèyàn bá yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú Cité, ibi tó ti gbéra ló máa padà sí.

Ilé ọ̀ọ́dúnrún ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Odi funfun, òrùlé pupa, igi ọ̀pẹ kan níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Òpópónà wọn ò lórúkọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gan-an ti ṣìlé rí. Àwọn ọlọ́dẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n tán.

Vrùùù. Ọkọ̀ náà kọjá lẹ́yìn ìlà ilé àkọ́kọ́. Ó sún mọ́ gẹ́ètì. Ó tún jìnnà.

"A ti kọjá ibí yìí rí," ni ohùn ńlá náà wí.

"Rárá o, bọ̀dá. Bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí."

"Tó o bá ń tàn mí, màá fi èyí tó kù nínú ìbọn yìí kún itan ẹ kejì."

"Kí ni mo fẹ́ tan yín fún? Èmi ni mò ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ yà sí òsì."

Ìbíyẹmí di rédíò náà mú. Ó mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe. Ó ń dá wọn dúró de jandáàmù. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Vrùùù. Ọkọ̀ tún sún mọ́. Ó tún jìnnà.

"Bọ̀dá Àjàgbé, ẹ̀jẹ̀ yìí pọ̀." Ohùn mìíràn nìyí, ti ẹni tó ń wakọ̀. "Ó ti kún abẹ́ ìjókòó. Ẹni yìí ń kú lọ."

"Àbúrò bàbá ẹ ni? Wakọ̀, Euloge."

"Ẹ ní a kàn máa kó wúrà. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò ní fara pa."

"Ká ní ẹ̀yin ará ibí mọ nọ́ńbà pè ni, à bá ti kó o lọ."

"Tí ẹ bá gbọ́ Faransé ni, à bá ti kó o lọ."

"Mo gbọ́ èyí tí mo fi ń jẹun. Ọlọ́dẹ, ọ̀nà wo?"

Kò sí èsì.

"Ọlọ́dẹ."

"Ọ̀... ọ̀tún."

Ọ̀rọ̀ náà wọ́ lẹ́nu Mùíbì bíi ti ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ìbíyẹmí wo aago. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ó ti rí i tí ẹ̀jẹ̀ itan pa èèyàn. Ọlọ́kadà kan ni, ní oríta Adewui. Omi tí wọ́n gbé kaná fún tíì ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò tíì hó tí ọkùnrin náà fi kú.

Jandáàmù ní kó má ṣí gẹ́ètì. Ọ̀gá iṣẹ́ náà ti sọ bẹ́ẹ̀, Ìbíyẹmí sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé. Tí kò bá ṣí i, wọ́n máa mú àwọn ọlọ́ṣà. Wọ́n sì máa gbé òkú Mùíbì fún un.

Ó fẹ́ pè é lórí rédíò kó ní kó mú wọn wá. Kò ṣeé ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí Mùíbì bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè gbọ́ tirẹ̀.

Ó wọ yàrá ọlọ́dẹ, ó sì tan ṣáírẹ́ẹ̀nì.

Wéèèè! Wéèèè!

"Kí nìyẹn?" ni ohùn ńlá náà bi nínú rédíò.

"Ẹnu gẹ́ètì ló ti ń dún," ni Euloge wí. "Mo ti mọ ọ̀nà báyìí."

Ìbíyẹmí ní ohun méjì láti ṣe. Ó ṣí àgádágodo, ó fi sẹ́nu gẹ́ètì kí wọ́n lè rí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó sì yí búlọ́ọ̀kù kan sínú gọ́tà.

Búlọ́ọ̀kù yẹn ni wọ́n fi ń há táyà gẹ́ètì. Irin pẹlẹbẹ tó wúwo ni gẹ́ètì náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tì í sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣí i ti bà jẹ́. Bí ẹni méjì bá tì í ṣí tí wọn ò há a, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ máa ń yí padà wá, á sì ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní ṣeé ṣí mọ́ láìsí kọ́kọ́rọ́.

Kììì! Toyota dúró. Àjàgbé àti Olúmidé fò sílẹ̀.

"Obìnrin, ṣí gẹ́ètì."

Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo ti ṣí àgádágodo. Ẹ̀rọ ẹ̀ ti kú. Ọwọ́ èèyàn méjì ló ń tì í."

"Tì í nígbà náà."

"Ẹnìkejì mi ni ẹ yìnbọn fún yẹn."

Àjàgbé wo àgádágodo. Ó wo gẹ́ètì. Ó fi ìbọn há ìbàdí. "Olúmidé, tì í."

Olúmidé tì í. Kò mì.

"Ṣé o ò jẹun ni? Kúrò níbẹ̀." Àjàgbé fi èjìká rẹ̀ tì í, gẹ́ètì náà sún ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ó rí Ìbíyẹmí tó ń rìn lọ sídìí ọkọ̀. "Níbo lò ń lọ?"

"Ọmọ ìyá mi ni. Ẹ jẹ́ n di ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Dì í. Tá a bá ti jáde, a ó ju ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀. Olúmidé, di gẹ́ètì mú lápá ọ̀hún."

Ìbíyẹmí wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ojú Mùíbì ti funfun. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì so ó mọ́ òkè ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mùíbì kérora. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òkú kì í kérora.

Ẹ̀yìn orí Euloge ló wà níwájú rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ìbíyẹmí ò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú rédíò nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ sókè, ní Faransé, kíákíá. Ó ní tí gẹ́ètì bá ti ṣí, kó kọjá, kó má dúró de ẹnikẹ́ni, kó forí lé ọsibítù.

"Kí lò ń sọ fún un?" ni Àjàgbé bi í láti ìdí gẹ́ètì.

"Mo ní kó rọra, kó má lọ gbá yín."

"O gbọ́n."

Euloge ò wẹ̀yìn. Ìbíyẹmí ò mọ ohun tí dírẹ́bà náà máa ṣe.

Gẹ́ètì ń ké bó ti ń ṣí. Títì pupa yọ níta, àyè náà sì gbòòrò tó ọkọ̀ kan.

"Ó tó," ni Àjàgbé wí, ó ń mí gúlegúle. "Kọjá, kó o dúró níwájú ibẹ̀ yẹn."

Euloge fi ọkọ̀ sí jíà. Ó rọra kọjá láàárín wọn bí ẹni ń ru ẹyin. Ìrù ọkọ̀ náà bọ́ síta.

Vrùùùùù!

Eruku pupa bo gbogbo ibẹ̀.

"Euloge!"

Àwọn méjèèjì fi gẹ́ètì sílẹ̀ kí wọ́n lè sáré. Gẹ́ètì náà yí padà. Olúmidé ti yọ orí síta, ó tètè fà á sẹ́yìn.

Gbàmù!

Ó ti ara rẹ̀ pa. Gbàù! Gbàù! Gbàù! Ọta ń lu irin náà. Ọ̀kan gba orí rẹ̀ kọjá, ó fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìbíyẹmí dùbúlẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìró ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù.

Wọ́n pàdé ọkọ̀ jandáàmù níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ títì. Ẹsẹ̀ Euloge kúrò lórí iná.

"Àwọn nìyẹn," ni ó wí.

"Mo rí wọn. Má dúró."

Ìbíyẹmí yọ orí lójú wíńdò, ó ju kọ́kọ́rọ́ gẹ́ètì sórí ìjókòó wọn. "Wọ́n ṣì wà nínú Cité. Méjì ni wọ́n, pẹ̀lú ìbọn."

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Ìbíyẹmí, wọ́n fà á sí Mùíbì lára. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà jáde. Ó ní Mùíbì ń mí dáadáa, ó sì ti béèrè oúnjẹ.

Jandáàmù kan dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó sọ fún Ìbíyẹmí pé ọwọ́ ti tẹ àwọn méjèèjì. Olúmidé ti ju ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Wọ́n bá Àjàgbé ní òpin òpópónà kan tí kò já síbì kankan, ó ń bi ọmọbìnrin tó ń sá aṣọ pé níbo ni gẹ́ètì wà.

Euloge jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ Toyota wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ ọ láti ọ̀sán. Kò lọ.

Jandáàmù náà fi bírò tọ́ka sí i. "Eléyìí ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ kọ sí iwájú orúkọ ẹ̀?"

Ìbíyẹmí wo Euloge. Euloge wolẹ̀.

"Olè ni," ni Ìbíyẹmí wí. "Òun ló wakọ̀ wọn wá. Òun náà ló gbé àbúrò mi débí kó tó kú. Kọ méjèèjì."

"Madame, àyè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé yìí."

"Kọ ọ́ wẹ́wẹ́."