Ọjọ́ Tí Rédíò Ilé Wa Dákẹ́

Abibatou àbúrò mi fọwọ́ di òpó irin ilé iṣẹ́ rédíò mú lẹ́yìn àdúgbò wa, Dowa, nítorí mo sọ fún un pé rédíò ti dákẹ́.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọyẹ́ ti pa gbogbo koríko, àgbò wa ń rù. Bàbá wa kò lè dìde lórí ẹní mọ́, ó sì ní òun kò fẹ́ kú láì pa ẹran ọdún yẹn. Inú ọgbà òpó nìkan ni koríko tútù kù sí. Bàbá Moumouni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbà ká máa wọlé lọ́sàn-án, nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò bá sinmi. Ó ti kìlọ̀ pé bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, irin òpó á jó ẹran ara láti inú. Nítorí náà, ẹnì kan á dúró ti rédíò ilé, á máa ké sí ẹni tó wà lẹ́nu ọgbà.

Ṣùgbọ́n ní 1974 yẹn, ìjọba ológun ń sọ̀rọ̀ ìyípadà ṣáá, rédíò kì í sinmi lásìkò mọ́. Lọ́jọ́ náà, mò ń kàwé fún ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohùn rédíò wa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé píìlì tó ń fún un lágbára ló gbó, ó lè má jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò ti sinmi. Rédíò mìíràn wà nílé Ìyá Saïbou aládùúgbò wa, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. N kò dìde.

"Ṣé ó ti dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi?" Abibatou ké láti ẹnu ọgbà.

"Ó ti dákẹ́. Wọlé, jẹ́ n ráyè kàwé."

"Akọ̀wé, a ó rí i bóyá o ò ní jẹ nínú ẹran yìí."

Bàbá Moumouni wà lórí ìrun, kò rí i. Koríko ìdí òpó ló tutù jù. Ẹsẹ̀ Abibatou yọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di irin mú. Igbe rẹ̀ ló gbé mi dìde.

Ojú egbò náà kéré, bí ibi tí ẹyin iná ta sí. Mo ní ká fi òrí pa á. Bàbá Moumouni béèrè ẹni tó ní kó wọlé. Mo ní èmi ni.

"Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ó ní. "Èmi wà níbí, o ò bi mí. Gbé e, ká lọ sílé ìwòsàn."

Dókítà ní ẹran inú ọwọ́ náà ti jóná.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ewu tí ojú kò rí, ẹ má ṣe méfò sí i. Ẹ dìde, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

A pa àgbò náà, Bàbá wa jẹ nínú rẹ̀. Mo yege ìdánwò. Nígbà náà, ó ku oṣù méjì kí Abibatou parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́.