Iṣu Tí Ìyá Gàfárù Gbé Wá sí Ọ́fíìsì

Wọ́n ti ti àpótí onírin náà pa nígbà tí ọkùnrin kan sáré wọlé, eruku ọ̀nà Òkè-Oyì lára rẹ̀, ó gbá àpòòwé ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gba tèmi."

Ìrètí gbójú wo aago ara ògiri. Ọjọ́ ṣíṣí àpótí ni, ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àkànṣe omi ìgbèríko ní Ìlọrin. Òun ni wọ́n ní kó ṣọ́ àpótí tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń ju ìwé iye owó tí wọ́n máa gbà ṣe iṣẹ́ sí. Òfin rẹ̀ kò gùn: bí aago méjìlá bá ti lù, ó parí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ti pẹ́."

"Bọ́ọ̀sì wa ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ti pẹ́."

Ó wá dúró de ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e: kí ọwọ́ wọ àpò, kí ohùn rẹlẹ̀, kí wọ́n béèrè orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ṣe ọ̀kankan. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Bó bá ṣe pé àna ọ̀gá yín ni mí ńkọ́?"

"Ẹ ó jẹ́ àna ọ̀gá wa tó pẹ́."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fi àpòòwé rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó wá àga kan lẹ́yìn pátápátá, ó jókòó, ó sì ń tẹ́tí bí wọ́n ti ń ṣí ti àwọn yòókù tí wọ́n ń ka iye owó kọ̀ọ̀kan sókè ketekete. Nígbà tí wọ́n parí, ó tọ Ìrètí wá.

"Àbdùlgàfárù lorúkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń du iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó lé mi láìkọ́kọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kí yín dáadáa ni."

Ọkàn Ìrètí sọ kúlú. Inú bí i sí ọkàn náà, nítorí àkókò iṣẹ́ ni.

Báyìí ni ọ̀rẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Gàfárù kà. Òun àti ẹnìkan jọ dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Bàríkísù, ń dáko, ó sì ń sin ewúrẹ́ ní Òkè-Oyì. Ìrètí ní tirẹ̀, ọmọ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀mù-Àrán ni. Bí iṣẹ́ bá parí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọn a pàdé ní ọjà Ìpàta, wọn a ra wàrà, wọn a jẹ ẹ́ ní ìdúró, wọn a sì máa bínú papọ̀.

Ìbínú ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, ìbínú tó mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n mọ kànga tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, tí omi rẹ̀ kò tó fọwọ́ lẹ́yìn àsè ọjọ́ náà. Wọ́n mọ páìpù tó jẹ́ irin lórí ìwé, tó di rọ́bà nínú ilẹ̀. Gàfárù a sọ bí wọ́n ti ṣe é, Ìrètí a sọ ìlànà tí wọ́n rú. Lẹ́yìn náà wọn a wo ara wọn, ẹ̀rín a sì bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfẹ́.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ tuntun jáde: kànga ẹ̀rọ fún àwọn abúlé, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti òkè òkun. Wọ́n fi Ìrètí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ìwé gbogbo agbaṣẹ́ṣe wò.

"Mo máa du iṣẹ́ yìí," ni Gàfárù wí.

"A jẹ́ pé a ò ní ríra wa mọ́ títí èsì á fi jáde. Kò sí ìpè, kò sí wàrà."

"Kí ni wàrà ṣe?"

"Gàfárù!"

"Mo ti gbọ́, mà."

Ṣùgbọ́n òfin béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹnìkan nínú àwọn tó ń du iṣẹ́ jẹ́ ẹbí, àna tàbí àfẹ́sọ́nà òun. Ìrètí bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni Gàfárù jẹ́ sí mi? Kò kúkú tíì sọ nǹkan kan fún mi. Ó buwọ́ lùwé pé òun kò ní ẹnìkankan. Ọ̀gá Kẹ́hìndé, olórí iṣẹ́ àkànṣe náà, buwọ́ lu tirẹ̀ láìwo ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tí Ìrètí kò mọ̀ ni pé, ní Òkè-Oyì, Gàfárù kò jẹun kánú mọ́.

"Kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá, mo ti rí ọmọbìnrin tí mo máa fẹ́. Ìrètí lorúkọ rẹ̀, ọ́fíìsì omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n má wá sọ́dọ̀ òun mọ́ ná."

Ó fẹ́ ṣàlàyé ìyókù, ṣùgbọ́n Bàríkísù ti gbọ́ èyí tó tó o. Ìjà olólùfẹ́ ni. Ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Bí ọmọ rẹ bá ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ìyá ni wàá gbẹ́sẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, a kì í sì í fọwọ́ òfìfo lọ kí ìyàwó. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó di iṣu tó dára jù nínú abà rẹ̀, ó fi àkùkọ kan lé e, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dé ọ́fíìsì.

Naimat, tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, ló já wọ yàrá tí ìgbìmọ̀ ti ń jókòó.

"Ìrètí, ìyá ọkọ ẹ ti dé o! Ó gbé iṣu wá. Àkùkọ náà ń bẹ níbẹ̀."

"Ìyá ọkọ ta ni?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí Bàríkísù fi yọ lẹ́yìn Naimat, ẹrù lórí, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ forí jì mí. Èwo nínú yín ni Ìrètí? Ìwọ ni? Màṣá Álà! Ọmọ mi kò purọ́. Ìyàwó mi, bí Àbdùlgàfárù bá ṣẹ̀ ọ́, èmi ni mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ náà kò jẹun mọ́. Ó ní ìwọ lòun máa fẹ́."

Àkùkọ nìkan ló kọ.

Ayọ̀ gba ara Ìrètí kan. Ó fẹ́ mi! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Àfi bó ṣe rí ojú Ọ̀gá Kẹ́hìndé, tó ń dán bí ojú ẹni tó bá ẹran nínú pàkúté. Iṣu láti ilé ẹni tó ń du iṣẹ́, níwájú ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò: àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni òfin ń pè é. Bó bá gbà á, ó di ọ̀daràn. Bí kò bá gbà á, ó kọ ẹ̀bùn ìyá ọkọ lójú ayé. Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí tó wọlé ọkọ náà?

Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. N kò lè gbà á."

"Kí lo wí?"

"N kò lè gba iṣu yìí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà."

Ẹ̀rín kú lójú Bàríkísù. "Iṣu mi? Èmi Bàríkísù?" Ó tún ẹrù rẹ̀ gbé karí. "Ó dáa. Mo ti rí ọ. Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó lé mi bí ajá."

Ó jáde. Ìrètí ṣì wà lórí eékún.

"Ọ̀rọ̀ parí," ni Ọ̀gá Kẹ́hìndé wí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ yọ orúkọ ọmọkùnrin yẹn. Ẹ yọ Ìrètí náà. Ká bọ́ sórí ilé-iṣẹ́ kejì."

Ìrètí dìde. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ọ̀gá, èmi ni màá yọ ara mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: láàárọ̀ òní ni mo gbọ́ pé ẹnìkan tó ń du iṣẹ́ yìí fẹ́ fẹ́ mi. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti bi ara mi dáadáa kí n tó buwọ́ lùwé. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ó ku ẹ̀yin."

"Èmi báwo?"

"Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kejì, àbúrò ìyàwó yín ni. Ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo wa la jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ sì buwọ́ lùwé pé ẹ kò ní àna níbí."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ìyá àgbẹ̀ tí kò mọ òfin gbé iṣu gba ẹnu ọ̀nà wọlé lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, odindi ilé-iṣẹ́ lẹ gbé wọlé, ẹ sì fi aṣọ bò ó."

Àlàájà Hàúwà, tó ń ṣojú àwọn ará ìlú nínú ìjókòó náà, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá Kẹ́hìndé, òótọ́ ni àbí irọ́?"

Ọ̀gá Kẹ́hìndé ń wá omi mu.

Ìjókòó tú ká. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn tó ni owó. Wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá Kẹ́hìndé, wọ́n yọ ilé-iṣẹ́ àna rẹ̀, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tuntun. Wọ́n fún Ìrètí ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì gbà á láìjiyàn. Orúkọ Gàfárù kò kúrò nínú ìdíje, nítorí pé wọ́n kọ iṣu náà, wọ́n sì kọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n Gàfárù kò pè. Ìrètí fúnra rẹ̀ ló ní kó má pè. Síbẹ̀ ó ń bínú pé kò pè. Bàbá rẹ̀ ló pè, láti Ọ̀mù-Àrán.

"Ìrètí, iṣẹ́ ni mo rán ọ lọ ṣe ní Ìlọrin. Mo gbọ́ pé ọkọ lo lọ kéde fún ìgbìmọ̀."

"Òótọ́ ni mo sọ, Bàbá."

"Ọmọ Mùsùlùmí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyá rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O kú iṣẹ́," ni bàbá wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ọ̀kadà kan dúró gìrì lẹ́nu géètì ọ́fíìsì. Gàfárù fò bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ṣọ́ béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

"Ìrètí! Mo pàdánù iṣẹ́ náà!"

"Mo gbọ́. Pẹ̀lẹ́."

"Má kí mi ní pẹ̀lẹ́! Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Páìpù mi wọ́n ju ti ẹni tó gba iṣẹ́ lọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Wàlláhì, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa pàdánù iṣẹ́ tí mo sì mọ ohun tó fà á. Mo mọ ibi tí mo ti máa tún un ṣe! O ò rí i bó ṣe dùn tó?"

Ìrètí rí i. Omi lé sí i lójú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń torí rẹ̀ bínú láti ọjọ́ yìí, kò ju èyí lọ: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù gbà á, kí ẹni tó pàdánù rí ìdí rẹ̀.

Ohùn Gàfárù rọ̀. "Èsì ti jáde. Ṣé mo lè máa wá rí ọ báyìí?"

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

"Jókòó sẹ́yìn mi. Màmá ń bínú sí àwa méjèèjì."

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti bá Bàríkísù, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ kan. Kò gbójú sókè. Ìrètí kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ta nìyẹn? Ṣé ẹni tí kì í jẹ iṣu ni?"

"Mo ń jẹ iṣu, mà. Ó dùn mí pé mo dójú tì yín. Ṣùgbọ́n bó bá tún di ọ̀la, n kò ní gbà á. Ká ní mo gbà á, wọn ì bá ní iṣu ni ọmọ yín fi ra iṣẹ́. Bó tilẹ̀ gbẹ́ kànga tó dára jù lọ, orúkọ tí wọn ì bá máa pè é nìyẹn."

Bàríkísù ń ṣa ẹ̀wà lọ. Gàfárù kò mọ ibi tí òun máa fi ojú sí.

"Àwọn kan wá síbí rí," ni ìyá wí. "Ọkọ mi ṣì wà láyé. Wọ́n ní àwọn máa fún wa lómi. A fún wọn ní àgbò, àgbò tá a fẹ́ fi ṣọdún. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, eruku ló ń tú jáde." Ó gbójú sókè. "Kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó kọ àgbò náà. Mo délé lọ́jọ́sí, inú ń bí mi, mo sì ń rò ó. Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ le."

Ìrètí dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Inú ń bí i, mà."

"Pè é fún mi."

Ó gba fóònù náà. "Bàbá Ìrètí, ẹ kú ilé o. Bàríkísù ni, ní Òkè-Oyì. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi."

"Wọ́n ní ẹ ti kọ̀ ọ́."

"Mo ti gbà á padà. Ẹ̀yin ló kù."

"Màmá, onígbàgbọ́ ni wá."

"Mo mọ̀. Kò wá sí Mùsùlùmí kankan nínú ẹbí yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ilé Mùsùlùmí ló wà ní Ọ̀fà."

"Ṣé ojú ń pọ́n ọn níbẹ̀?"

"Ojú wo? Ó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló ń bọ́ wa."

Bàríkísù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá àyà. Wọ́n gbọ́ tí bàbá náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, bí ẹni tí kò fẹ́.

"Ṣé ọmọ mi á máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni màá dí i lọ́nà."

"Ẹ mú ọmọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò tíì gbà o. Mo fẹ́ rí i ni."

"Ẹ ó rí i, Bàbá. Àlùbáríkà ni."

Ó dá fóònù padà, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ! Èmi ni mo bá ọ bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì, èmi ni mo bá ọ pe àna. Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti bá a sọ ọ́?"

Gàfárù fọwọ́ họ orí. "Mi ò tíì..."

"Sùbúhánà! Ẹni tí o kò tíì dẹnu kọ ni mo lọ ń pè ní ìyàwó mi láàárín àwọn ọ̀gá?"

Gàfárù yíjú sí Ìrètí.

"Ìrètí, olólùfẹ́ mi, láti ọjọ́ tí o ti lé mi ni mo ti fẹ́ràn rẹ. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Gàfárù. Màá fẹ́ ọ."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàríkísù yí ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹ orí ba, ó ń fara balẹ̀ ṣa ẹ̀wà nínú àwo tí kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.