Àwòrán Ìbejì Tó Dé Ìlú Òṣùpá

Ẹ̀rọ Afẹ̀wòrán kì í fojú bu nǹkan. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó bá fẹ́ sọ àwòrán kékeré di ńlá, àmúlàmálà ló ń ṣe: á kàn máa fa àwọ̀ kún àwọ̀ títí ojú èèyàn á fi ṣú. Èyí tí Ọ̀mọ̀wé Fáṣuyì kọ́ sí Ìlú Òṣùpá, lókè lórí òṣùpá, yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó sá pamọ́ sínú hóró àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tú síta, ohun tó bá wà níbẹ̀ gan-an ló sì ń gbé jáde.

Ẹ̀rọ yìí ló gbé Kẹ́hìndé àti ìyá rẹ̀ àgbà dé yàrá Fáṣuyì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí àwọn ará Ìlú Òṣùpá ń kó bọ̀ láti Iléṣà, àyè ò tó nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òfuurufú, ni wọ́n bá sọ àwòrán gbogbo ìdílé di ìwọ̀n èékánná. Nínú ti ìdílé Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́ta méjì dúró ti ara wọn nínú aṣọ kan náà. Ọdún yẹn ni Táíwò, ìkejì rẹ̀, kú. Ogójì ọdún ni Kẹ́hìndé ti ń kí ojú bíńtín yẹn láràárọ̀ pé, "Táyé, o jíire?" láìrí imú, láìrí ẹnu.

"Ọmọ mi, jẹ́ kó wà bó ṣe wà," ìyá rẹ̀ ní.

"Màmá, kò ní bà á jẹ́," Fáṣuyì dáhùn. "Bó ṣe rí gan-an lẹ máa rí i."

"Ta ló ní o máa bà á jẹ́? Mo ní kí o pa ẹ̀rọ rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," Kẹ́hìndé bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin gbé e pọ̀n. Èmi ò rántí ojú ẹ̀ rárá."

Fáṣuyì fi àwòrán sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ojú tirẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ́ kedere: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, àti àpá lókè ojú òsì, níbi tó fi gbá irin bẹ́ẹ̀dì lọ́mọ ọdún méjì. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ti Táíwò jáde.

Àpá wà lókè ojú òsì òun náà.

Kẹ́hìndé fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. "Màmá, ṣé Táyé náà ṣubú ni?"

"Kò ṣubú rí." Omijé ti bo ojú ìyá. "Ó ti lọ kí onífọ́tò tó dé. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, ìbejì kì í dá ya fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ya ìwọ nìkan, a wá so wọ́n pọ̀. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, mi ò rí ẹnu sọ ọ́ mọ́."

Fáṣuyì ò mọ ibi tó máa wò. "Mo lè sọ ọ́ di kékeré padà," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ di kékeré," Kẹ́hìndé ní.

Àwòrán náà ń kéré lọ títí ó fi padà sí ìwọ̀n èékánná. Kẹ́hìndé tẹjú mọ́ ọn. "Táyé," ó ní, ó sì dúró. Ara rẹ̀ nìkan ló rí, níbi méjèèjì.