Ihò Abẹ́ Ẹ̀rọ Kẹta

Ọjọ́ ìsinmi ni, gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣe ìgò oníke sì dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú táǹkì irin kí páìpù tó gbé e lọ sí ìdí àwọn yòókù. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó gbé etí sún mọ́ páìpù, kò mí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń wá, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré bu omi ọṣẹ, ó fi kan ojú ibi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀. Ọṣẹ hó, ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fun fèrè. Ó fa okùn pupa kan yọ nínú àpò, ó so ó mọ́ ibẹ̀, ó sì fi orúnkún rìn lọ síwájú.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi: kó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ ló fún un, nítorí pé etí rẹ̀ mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọkùnrin kan tó ń to ìgò sínú páálí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ti sọ ọ́ ní Etí-Ehoro. Ó ní bí yànmùyánmú bá ń gbàdúrà nílé kẹta, ọmọ náà á ṣe àmín sí i.

Etí-Ehoro wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹnjiníà ti ṣèlérí pé bó bá ti ṣe ìdánwò tán, òun á mú un kọ́ṣẹ́. Ó ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lórí rẹ̀: "Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lójú pópó, ti Ọlọ́run ni. Èyí tó wà nínú páìpù, iná la fi rà á. Ibi tó bá ti ń jò, iná là ń dà sílẹ̀ níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ti sọ pé bí owó iná kò bá wálẹ̀, àwọn á ti ọ̀wọ́ ẹ̀rọ kan pa, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa lọ sílé.

Ìdí ẹ̀rọ kẹta ni ariwo ti pọ̀ jù. Ó nawọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò rí ìsopọ̀ tó tú. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ọ̀bẹ lu, tí wọ́n wá fi àkísà wé ojú rẹ̀. Ó mọ àkísà náà. Ara aṣọ ìbora àtijọ́ ni, èyí tí òun àti àǹtí rẹ̀ jọ máa ń fi sùn. Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló ń ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ kẹta.

Ó mú okùn pupa dání títí ọwọ́ rẹ̀ fi làágùn. Lẹ́yìn náà, ó dá a padà sínú àpò.

Nígbà tó délé, ó bá àǹtí rẹ̀ tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ lu rọ́bà ẹ̀rọ kẹta?"

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé. Ẹnu ààrò tó ń mú ike rọ̀ ló kọjú sí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń yan èèyàn ni. Ó ti sọ fún alábòójútó, ìyẹn sì bi í bóyá inú yìnyín ló rò pé òun ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Ló bá lu ihò kan. Bí ooru bá ti fẹ́ pa á, á ṣí àkísà náà, afẹ́fẹ́ tútù á fẹ́ sí i lọ́rùn. Àwọn tó wà nítòsí náà mọ̀, wọ́n sì ń wá gba nínú rẹ̀.

Etí-Ehoro sọ fún un pé ihò náà ń jẹ iná púpọ̀. Àǹtí rẹ̀ mi orí.

"Ihò tí kò tó ọmọ ìka? Gbọ́, ọmọ mi. Ẹni tó fọwọ́ kan páìpù lọ́dún tó kọjá, kí oòrùn tó kan àtàrí ni wọ́n ti lé e. Bí o bá so okùn rẹ síbẹ̀, ọrùn mi lo so ó mọ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

Ọmọ náà wo ọwọ́ tó ń ká aṣọ. Ọwọ́ yẹn ló san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó gbà pé òun kò ní sọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní ìsinmi, Etí-Ehoro sì tẹ̀ lé àǹtí rẹ̀ wá. Wọ́n tún gbogbo ibi tí okùn pupa wà ṣe. Ẹnjiníà pè é.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán, sà."

"O yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò?"

"Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sà."

Ojú aago tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn kọ́kọ́ gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru mú, tí àkísà abẹ́ ẹ̀rọ kẹta tú, ó tún wálẹ̀. Àwọn ìgò tó ń jáde ní ìparí ọ̀wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní èjìká tó jin wọnú. Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọ̀kan sókè, ó ní ìgò yìí náà ti ń gbààwẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba etí ọmọ náà gbọ́ ju ojú aago lọ, nítorí náà ó pinnu pé bí kò bá sí ìjò mọ́, a jẹ́ pé agbára tí àwọn ń fún afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ó gba yàrá ẹ̀yìn lọ láti fi kún un.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí Etí-Ehoro mú kí ọ̀gá rẹ̀ máa ṣe gan-an nìyẹn, láìjẹ́ kó mọ̀. Ó sì mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, torí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ: bí a bá fi agbára kún afẹ́fẹ́, gbogbo ihò á máa mu sí i, rọ́bà tó bá sì ti lọ́gbẹ́ á máa wú. Ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnjiníà ti gbọ́wọ́ lé irin tó fẹ́ yí. Ó wẹ̀yìn.

"Kí ló dé?"

Láti ibi tó dúró sí, ó rí àǹtí rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń wò ó.

"Kò sí nǹkan, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni rọ́bà náà ya láti ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kàn án. Ó dún bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ ńlá bá bẹ́. Orí rẹ̀ tó já ń jà kiri bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, irin ẹnu rẹ̀ sì gbá àǹtí náà lójú. Ẹlẹ́rìn-ín ló sáré lọ ti páìpù pa. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ohùn obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn náà.

Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rẹ̀dí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pa ni.

Dókítà sọ pé ojú òsì kò ní ríran mọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lórí bẹ́ǹṣì, Etí-Ehoro sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹnjiníà, kò dá nǹkan kan sí.

"Fáànù kan ni ì bá tán ọ̀rọ̀ yìí," ni ọkùnrin náà wí. "Iná tí fáànù máa jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ihò yẹn á ti jẹ ẹ́ kí a tó jẹun òwúrọ̀ tán. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ń bà wá, sà. Wọ́n ti lé ẹnì kan rí."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n lé e." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mo sì máa gbé e. Ìwọ náà gbọ́ tìrẹ. Etí rẹ dára, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ẹnu rẹ ni mi ò lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ìjò tí a gbọ́ tí a ò sọ ṣì ń jò. Mi ò lè mú ọ kọ́ṣẹ́."

Ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà, wọ́n sì gbé fáànù sí ẹnu gbogbo ààrò. Ẹnjiníà dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ẹni tó bá fi ibi tó bàjẹ́ hàn kò ní jìyà mọ́. Etí-Ehoro náà tọrọ àyè, ó sì sọ lójú gbogbo wọn pé òun gbọ́ ihò náà, òun sì dákẹ́. Àwọn tó ti fi ọrùn gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ rí tẹrí ba, Ẹlẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà yẹn ni ojú aago kò ti sọ̀ mọ́, owó iná wálẹ̀, wọn kò sì ti ọ̀wọ́ kankan pa. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló dúró ní ìdí ẹ̀rọ kẹta.

Àǹtí náà ń ránṣọ fún àwọn aládùúgbò nísinsìnyí. Ojú kan kò mọ ibi tí ihò abẹ́rẹ́ wà, nítorí náà Etí-Ehoro ló ń bá a ki òwú bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kan, àǹtí gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rán nǹkan kan.

"Èmi ni mo bẹ̀ ọ́," ó wí. "Mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní o kọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá bínú sí ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

Ẹni tó bá bo àṣìṣe ẹni tó fẹ́ràn mọ́lẹ̀ kò ṣe é lóore. Ìbínú olólùfẹ́ ẹni á rọlẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́ nítorí pé a dákẹ́, owó kì í rà á padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí yín.